Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: GBÍGBỌ̀N KATAKATA TUNTUN — ÈWO NI ÌWÀ RẸ̀, ÈWO NI ÀRÙN RẸ̀?

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jọ kọ́ ní oṣù yìí dá lórí katakata kékeré, irú èyí tí agbára rẹ̀ wà láàárín agbára ẹṣin 25 sí 50, tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè fi owó àjọdá rà fún iṣẹ́ oko.

Bí irú katakata bẹ́ẹ̀ bá dé láti ọwọ́ ẹni tó tà á, oríṣi ọ̀rọ̀ méjì ni a máa ń gbọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹnì kan á gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, á ní, “Ẹ wo bó ṣe ń gbọ̀n! Wọ́n ti ta ògbólógbòó fún wa.” Ẹlòmíràn á ní, “Tuntun ni, ẹ má tíì fi ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa dá dún lórí ìdúró fún ọjọ́ mélòó kan, kí ara rẹ̀ lè balẹ̀.” Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lè mú kí a gbé ẹ́ńjìnnì tí kò ṣe nǹkan kan fún mẹkáníìkì tí yóò tú u palẹ̀. Ọ̀rọ̀ kejì lè ba ẹ́ńjìnnì náà jẹ́ ní ti gidi. Owó gbogbo wa ló sì wà níbẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí olúkúlùkù mú lọ sílé kò ju ẹyọ kan lọ. Gbígbọ̀n tó ti wà láti ọjọ́ kìíní, tí kò yí padà, tí àmì burúkú kankan kò sì bá a rìn, ìwà katakata ni. Gbígbọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tàbí tó ń pọ̀ sí i, àrùn ni. Ẹni tí kò bá mọ ìwà rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ le kò lè mọ ọjọ́ tí àìsàn wọlé.

1. KÍ LÓ Ń MÚ UN GBỌ̀N?

Ẹ́ńjìnnì epo dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná bí ti epo bẹntiróòlù. Afẹ́fẹ́ ni písítìn máa ń fún pọ̀ nínú sílíńdà títí yóò fi gbóná janjan. Nígbà náà ni nọ́súlù yóò fọ́n epo sí i, epo á gbiná fúnra rẹ̀, agbára iná náà á sì ti písítìn padà sísàlẹ̀. Ìgbiná kọ̀ọ̀kan dà bí ìgbà tí a bá fi ọmọ odó lu inú odó. Kò sí bí a ṣe lè gún iyán kí ilẹ̀ ibẹ̀ má mì.

Púpọ̀ nínú àwọn katakata kékeré ló ní sílíńdà mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì máa ń gbiná lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà lórí iná kékeré, tó ń yí ní ìgbà 900 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbiná 1,350 ni yóò wà ní ìṣẹ́jú náà. Bí a bá fún un níná títí ó fi ń yí ní ìgbà 2,400, ìgbiná di 3,600. Lórí iná kékeré, àyè wà láàárín lílù kan àti èkejì, ara ẹni tó jókòó á máa gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí iná tó pọ̀, wọ́n ti súnmọ́ ara wọn, irin róbótó wúwo tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì á sì mú kí ìyípo náà lọ geere. Ìdí nìyí tí katakata fi máa ń gbọ̀n jù nígbà tí kò ṣe nǹkan kan, tí ara rẹ̀ sì máa ń balẹ̀ nígbà tó bá dé ìwọ̀n iná iṣẹ́.

Ohun kejì ni pé, nínú sílíńdà mẹ́ta, písítìn iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í lọ sókè pa pọ̀. Iwájú ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀yìn rẹ̀ á wá máa ṣe bí ọmọdé méjì tó jókòó sí ìkángun pákó kan, tí ọ̀kan ń lọ sókè tí èkejì ń bọ̀ nísàlẹ̀. Èyí kì í ṣe àbùkù. Massey Ferguson 135 tó jáde ní 1964, tí ọ̀pọ̀ àgbà àgbẹ̀ mọ̀ dáadáa, ẹ́ńjìnnì Perkins onísílíńdà mẹ́ta ló wà nínú èyí tó ń lo epo dísù nínú wọn. Ó ń gbọ̀n, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun kẹta ni ìjókòó ẹ́ńjìnnì. Nínú mọ́tò tí a fi ń rìn, orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé, rọ́bà náà ló ń gba gbígbọ̀n mọ́ra. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ katakata, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni egungun ẹ̀yìn: wọ́n fi bóòtù dè é mọ́ ilé jíà lẹ́yìn, wọ́n sì de ẹsẹ̀ iwájú mọ́ ọn níwájú. Irin kan irin. Nítorí náà, ohun tí ẹ́ńjìnnì bá ṣe, ìjókòó, sítíárìn àti ibi tí a ń gbẹ́sẹ̀ lé yóò gbọ́ ọ. Ẹni tó ti inú mọ́tò bọ́ sórí katakata lè rò pé nǹkan ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó bàjẹ́.

2. GBÍGBỌ̀N TÍ KÌ Í ṢE ÀRÙN

(a) Ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná sí i láàárọ̀, tí ara rẹ̀ ṣì tutù. Ó lè gbọ̀n, ó lè kan gbá-gbá díẹ̀, ó sì lè tú èéfín funfun díẹ̀. Bó bá gbóná tán, èyí yóò lọ.

(b) Ìgbà tí a bá ń ṣáná àti ìgbà tí a bá ń pa á. Gbogbo ara rẹ̀ á mì lẹ́ẹ̀kan, á sì dákẹ́.

(d) Ìwọ̀n iná kan tó jẹ́ pé, bí a bá dé ibẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí díńgí á máa dún jìì, ṣùgbọ́n bí a bá fi iná kún un tàbí tí a dín in kù díẹ̀, á dákẹ́. Gbogbo irin ló ní ìwọ̀n tí ara rẹ̀ máa ń dáhùn sí. Kí awakọ̀ má ṣe dúró pẹ́ lórí ìwọ̀n yẹn, kí ó sì wò ó bóyá bóòtù kan ló dẹ̀ níbẹ̀.

(e) Ìgbà tó bá ń sáré lórí títì ọlọ́dà. Eyín táyà katakata tóbi, inú ẹrẹ̀ ni a ṣe é fún. Lórí ọ̀dà, eyín kọ̀ọ̀kan á máa gbá títì.

(ẹ) Òórùn ọ̀dà tó ń jóná lára páìpù èéfín ní wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́. Òun kì í ṣe gbígbọ̀n, ṣùgbọ́n ó máa ń bá a rìn, ó sì máa ń já àyà àwọn èèyàn.

3. ÀMÌ ÀRÙN

Bí a bá rí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí, kí a má ṣe sọ pé tuntun ni, yóò dáa tó bá yá:

(a) Gbígbọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ lójijì, tí kò sí lánàá.

(b) Ẹ́ńjìnnì tí ń tiro, tí lílù rẹ̀ kò tọ́ra, bí ẹni tó ń gún iyán tó ń fo ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Sílíńdà kan ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Afẹ́fẹ́ tàbí omi lè wà nínú epo, fíítà epo lè ti dí, tàbí kí nọ́súlù má fọ́n epo bó ti yẹ.

(d) Ìró bí òòlù lórí irin, tí ń le sí i bí ẹrù bá ń wúwo sí i.

(e) Èéfín tí kò lọ lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti gbóná. Èéfín dúdú ń sọ pé ẹrù ti pọ̀ jù tàbí pé fíítà afẹ́fẹ́ ti dí. Èéfín funfun pẹ̀lú ìtiro ń sọ pé epo kan ń jáde láì jóná. Èéfín aláwọ̀ aró ń sọ pé ọ́ìlì ń jóná nínú sílíńdà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́ kò burú, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ máa dín kù.

(ẹ) Bóòtù kan náà tí a dì lánàá, tó tún dẹ̀ lónìí.

(f) Iná ọ́ìlì tó tàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tàbí ọwọ́ aago gbígbóná tó wọ ibi pupa. Èyí kò gba ìbéèrè. Bó bá jẹ́ ti ọ́ìlì, kí awakọ̀ pa á lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ àárín poro ló wà.

4. BÍ A ṢE LÈ WÁ ORÍSUN RẸ̀

Kí a tó ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì, àwọn ìdánwò kan wà tí awakọ̀ wa lè ṣe, tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ó ní láti ṣe wọ́n ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé.

Èkínní, kí ó dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ó yọ jíà, kí ó má so nǹkan kan mọ́ ẹ̀yìn. Kí ó wá fún un níná díẹ̀díẹ̀ láti kékeré dé ìwọ̀n iṣẹ́. Bí gbígbọ̀n náà bá wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì ni kí a wò. Bí kò bá sí, ibòmíràn ni.

Èkejì, kí ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ó sì tún tú u sílẹ̀. Bí gbígbọ̀n bá yí padà pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ kílọ́ọ̀ṣì tàbí jíà ni.

Ẹ̀kẹta, kí ó so ẹ̀rọ tí a fi ń gé koríko mọ́ ọ̀pá tí ń yí lẹ́yìn, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní P.T.O. Kí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ jìnnà, kí ẹnikẹ́ni má wọ agbádá tàbí ìró tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ súnmọ́ ọ̀pá yẹn. Ó ti pa èèyàn rí níbi púpọ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà tí a so ẹ̀rọ mọ́ ọn nìkan ló ń gbọ̀n, ẹ̀rọ ló jẹ̀bi, kì í ṣe katakata. Abẹ kan ti lè jẹ ju èkejì lọ, koríko ti lè wé mọ́ ọn, ọ̀pá ti lè tẹ̀, tàbí kí a ti gbé ẹ̀rọ náà sókè jù tí oríkèé ọ̀pá fi ṣẹ́ kọ́rọ́.

Ẹ̀kẹrin, bó bá jẹ́ ìgbà tó ń rìn nìkan ló ń gbọ̀n, kí ó rin ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí iyára rẹ̀ dọ́gba, ṣùgbọ́n kí jíà yàtọ̀. Bí gbígbọ̀n bá yí padà nígbà tí ìyípo ẹ́ńjìnnì yí padà, ti ẹ́ńjìnnì ni. Bó bá dúró bó ṣe wà, ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀ ni kí a lọ: afẹ́fẹ́ táyà tí kò dọ́gba, tàbí nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ tó ti dẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan: kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ lásán wá ibi tí epo ti ń jò lára páìpù nọ́súlù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Agbára tí epo fi ń jáde níbẹ̀ lè gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn ní kíá, bí ojú ọgbẹ́ náà tilẹ̀ kéré. Iṣẹ́ mẹkáníìkì nìyẹn.

5. WÁKÀTÍ 50 ÀKỌ́KỌ́

Àkókò tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní running-in nìyí, ìyẹn àkókò tí a ń fi iṣẹ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì lára. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́ni ló fi wákàtí 50 àkọ́kọ́ sí i. Ohun tí ìwé tó bá katakata tiyín wá bá wí ni kí ẹ tẹ̀ lé, bí kò bá tiẹ̀ bá tiwa mu.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú nìyí. Ríǹgì tó yí písítìn ká ló ń dí ọ̀nà láàárín iná òkè àti ọ́ìlì ìsàlẹ̀. Ara sílíńdà tuntun kì í dán pátápátá. Wọ́n ti fa ilà wẹ́wẹ́ sí i kí ọ́ìlì lè rí ibi dúró, kí ríǹgì àti sílíńdà sì lè ha ara wọn títí wọn yóò fi bára mu. Agbára iná ló ń ti ríǹgì mọ́ ara sílíńdà, iná sì nílò ẹrù kó tó lágbára. Bí a bá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa dún lórí iná kékeré láì ṣiṣẹ́, ríǹgì kò ní tẹ̀ mọ́ ọn, ara sílíńdà á dán bíi gíláàsì, ọ́ìlì á máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Katakata tí a kẹ́ báyìí á di ẹni tó ń mu ọ́ìlì tó sì ń tú èéfín, àtúnṣe rẹ̀ kò sì ju kí a tú u palẹ̀ lọ. Ẹrù tó pọ̀ jù náà kò dára, nítorí ibi tí ara kò tíì bára mu á gbóná jù. Iṣẹ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ló ń fẹ́.

Nítorí náà:

(a) Ní àràárọ̀, kí a tó ṣáná, kí a wo ọ́ìlì lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí a wo omi, fíítà afẹ́fẹ́ àti nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ tuntun máa ń dẹ̀. Kí a tún un dì lẹ́yìn wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́, kí a sì máa wò ó lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní.

(b) Kí ara rẹ̀ gbóná fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ó tó wọṣẹ́. Wákàtí kan kọ́.

(d) Ní wákàtí 10 àkọ́kọ́, iṣẹ́ tí kò le ni kí a fún un: gígé koríko, fífà ẹrù díẹ̀, fífọ́ ilẹ̀ tí a ti kọ tẹ́lẹ̀. Kí iná máa yí padà, kó má dúró sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí a máa fi ẹrù kún un díẹ̀díẹ̀.

(e) Kí a má fi jíà gíga àti iná kékeré fa ẹrù wúwo. Bó bá ń gbọ̀n jìgìjìgì tó ń tú èéfín dúdú, tí ìyípo rẹ̀ ń kú lọ, ó ń bẹ̀bẹ̀ ni. Kí awakọ̀ sọ jíà kalẹ̀.

(ẹ) Bí awakọ̀ bá fẹ́ jẹun tàbí kí ó bá olóko sọ̀rọ̀ pẹ́, kí ó pa á.

(f) Kí epo jẹ́ èyí tó mọ́. Epo inú jálá tó ti pẹ́ lóko máa ń ní omi àti ìdọ̀tí nísàlẹ̀. Kí a jẹ́ kó rò, kí a sẹ́ ẹ, kí a sì fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ sílẹ̀.

(g) Nígbà tí aago wákàtí bá pé 50, kí a pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti fíítà rẹ̀. Ìyẹ̀fun irin tó há kúrò lára ohun tuntun wà nínú ọ́ìlì yẹn. Ọ̀pọ̀ ìwé tún ní kí a pààrọ̀ fíítà ọ́ìlì jíà ní àkókò yìí. Kí a pa rìsíìtì mọ́. Bí ọ̀rọ̀ wọ́ránńtì bá dé, òun ni ẹlẹ́rìí wa.

Ní ti awakọ̀ fúnra rẹ̀: gbígbọ̀n tí kì í ṣe àrùn fún katakata lè di àrùn fún ẹ̀yìn èèyàn. Kí ó tún ìjókòó ṣe bá ìwúwo ara rẹ̀ mu, kí ó sì máa sọ̀kalẹ̀ na ara.

6. IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI KAN ẸGBẸ́

Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa. Púpọ̀ nínú ohun tí ń ba katakata ẹgbẹ́ jẹ́ kì í wá láti inú ẹ́ńjìnnì, inú ìpàdé ló ti ń wá. Bí katakata bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 5 lóòjọ́, wákàtí 50 yóò pé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Ìpàdé wa sì rèé, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Bó bá jẹ́ pé ìpàdé tó ń bọ̀ ni a óò ti fọwọ́ sí owó ọ́ìlì, katakata á ti ṣe wákàtí 80 tàbí 100 kó tó rí ọ́ìlì tuntun. Nítorí náà, kí a ti fọwọ́ sí owó ọ́ìlì àti fíítà, kí a rà wọ́n, kí wọ́n sì wà ní ilé ìṣúra ẹgbẹ́ kí katakata tó fẹsẹ̀ kan oko.

Èkejì, ẹjọ́ ta ni yóò kọ́kọ́ lò ó. Kí á ṣẹ́ gègé, ó dára, ṣùgbọ́n oko tó ní kùkùté àti òkúta kò gbọ́dọ̀ wà nínú wákàtí 50 àkọ́kọ́, ì báà jẹ́ oko alága. Kí olóko bẹ́ẹ̀ má bínú. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò sọnù. A sún un síwájú ni, kí katakata náà lè wà fún un ní ọdún márùn-ún òní.

Ẹ̀kẹta, owó awakọ̀. Bí a bá ń san owó fún un lórí éékà, yóò sáré, yóò sì fi jíà gíga fa ẹrù. Ní wákàtí 50 yìí, owó ojúmọ́ ni kí a san. Kí awakọ̀ má sì ju méjì lọ, nítorí etí tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lánàá ni yóò mọ̀ pé ohùn náà ti yí padà lónìí. Kí a má sì fi ìbínú gba ìròyìn lẹ́nu awakọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Awakọ̀ tí a bá ń bú nígbàkigbà tó bá fi ẹjọ́ sùn, yóò dákẹ́, katakata wa á sì bá a dákẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ìwé àkọsílẹ̀. Ìwé kékeré kan tó wà lábẹ́ ìjókòó tó. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí: “Wákàtí 12. Gé koríko. Ọ́ìlì kò dín. Ó gbọ̀n lórí iná kékeré, ó dákẹ́ lórí iná iṣẹ́, bíi ti àná.” “Wákàtí 19. Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀yìn dẹ̀, mo dì í.” Ọ̀rọ̀ kékeré náà, “bíi ti àná,” ni gbogbo ẹ̀kọ́ yìí. Ọjọ́ tí awakọ̀ kò bá lè kọ ọ́ mọ́ ni ọjọ́ tí a ó pe mẹkáníìkì, ìwé náà ni a ó sì kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́ kí ó tó gbé sípánà.

7. ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ló dé tí katakata fi ń gbọ̀n lórí iná kékeré ju iná iṣẹ́ lọ?
2. Awakọ̀ ní katakata ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá so ẹ̀rọ agékoríko mọ́ ọn nìkan ni. Kí ni kí a kọ́kọ́ wò?
3. Ìpalára wo ló wà nínú kí katakata tuntun máa dá dún lórí ìdúró ní gbogbo ọjọ́?
4. Ta ni ẹgbẹ́ fún láṣẹ láti ra ọ́ìlì wákàtí 50 láì dúró de ìpàdé? Bí a kò bá tíì yan ẹnikẹ́ni, kí á yàn án kí á tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Kí ẹni tó mọ̀wé ka ẹ̀kọ́ yìí sétí ẹni tí kò lè kà á. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́